Ẹ Má Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Dá Rìn

Ní 1983 ni Ìjọba Nàìjíríà dá National Open University sílẹ̀ fún àwọn tí ń ti ilé kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dá a dúró ní 1984, ìjídìde rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Lónìí, àwọn ọmọ ìjọ wa ń kàwé níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ti rí àwọn tí ó fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó fà á, bí kò ṣe àìsí iná àti àìrí ẹni bi léèrè. A bẹ ẹ̀ka gbogbo: ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀, ẹ tan iná sí i, kí ẹni tí ó ti gboyè sì máa béèrè ibi tí wọ́n kà dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.