Gbèsè Iná Ilé-Iṣẹ́ Tí Ó Wọko Gbèsè



Ọmọ Èjìgbò tí ó ń ṣòwò ní àdúgbò Commerce ní Bouaké lè rò pé bí òun bá ra dúkìá ilé-iṣẹ́ tí gbèsè pa, gbèsè náà kò kan òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọ́fíìsì iná, tí wọ́n ní kí ó san ti ẹni àná kí àwọn tó so wáyà padà ńkọ́? Ẹ̀rọ yóò dákẹ́, òṣìṣẹ́ yóò káwọ́ gbera.

Ìlú ilé-iṣẹ́ ni Bouaké láti 1921, nígbà tí Robert Gonfreville dá ilé-iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà ní oṣù kẹsàn-án 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lo iná àti omi fún ọdún púpọ̀ láìsan owó. Gbèsè irú àkókò bẹ́ẹ̀ a máa sápamọ́ sínú ìwé.

Òfin OHADA ti 1998, tí wọ́n tún ṣe ní 2015, ni ó ń darí irú títà bẹ́ẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ kí a tú ilé-iṣẹ́ ká, gbogbo ẹni tí ó jẹ lówó ní láti kọ gbèsè wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ alábòójútó tí ilé-ẹjọ́ yàn. Ilé-iṣẹ́ iná kò yàtọ̀. Inú owó tí a bá ta dúkìá ni wọn yóò ti gba tiwọn, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Iná tí alábòójútó bá lò lẹ́yìn àṣẹ náà sì ní ipò tí ó sàn ju gbèsè àtijọ́ tí kò ní ohun ìdógò.

Lójú tèmi, ètò tí ó tọ́ ni. Kí ló dé tí ẹni tí ń ta iná kò gé wáyà nígbà tí gbèsè ń gorí gbèsè?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ayé ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 19 oṣù karùn-ún 2023, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Íńdíà dá a pé, bí ìlànà ilé-iṣẹ́ iná bá gbà á láyè, ó lè kọ̀ láti so iná fún ẹni tí ó ra dúkìá ní gbàǹjo títí yóò fi san gbèsè àtijọ́.

Nítorí náà, kí olùrajà tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ó lọ bá CIE nípa iná àti SODECI nípa omi, kí ó gba ìwé iye tí ó kù nílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé títà ẹni tí yóò san án. Kí ó sì ka mítà lójú alábòójútó ní ọjọ́ tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́.