Káàdì Alájọ Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Àtọ̀gbẹ ni mo mú, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó ń bá a gbé.

Púpọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka. Iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn nìkan ló ń sọ. Kí a tó jẹun láàárọ̀, ó lè dára. Bí a bá jẹ iyán tán, ó lè ròkè. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mìíràn wà tí àwọn ará Ítálì ń pè ní emoglobina glicata. Òun ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ bí a ṣe ń kà.

Ẹ rántí alájọ nílé. Ojoojúmọ́ ló ń fàmì sí káàdì wa. Àmì ọjọ́ kan kò lè sọ iye tí a ó kó. Ìgbà tí a bá ka gbogbo káàdì la tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣí mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá wọn èyí tó lẹ̀, ṣúgà oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn ni wọ́n kà. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta sá fún ẹ̀bà kó tó lọ fa ẹ̀jẹ̀ kò lè tan káàdì yìí jẹ.

Lórí ìwé èsì, ẹ wá mmol/mol. 48, tó jẹ́ 6.5 nínú 100, ni ààlà tí wọ́n fi ń mọ àtọ̀gbẹ. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti ní in, dókítà kì í fẹ́ kó kọjá 53, tó jẹ́ 7 nínú 100. Ó lè fi ti arúgbó sókè díẹ̀. Bí ó bá ga fún ọdún púpọ̀, ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ ló ń san gbèsè náà. Ẹni tó bá ti gba ìwé esenzione 013 kì í san ticket lórí àyẹ̀wò yìí.

Ohun kan tún wà tó kàn wá gan-an. Sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í pẹ́ láyé. Káàdì rẹ̀ kì í kún kí wọ́n tó kà á, èsì rẹ̀ sì lè kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ AS náà lè da èsì rú nínú àwọn ẹ̀rọ kan. Bí dókítà kò bá tilẹ̀ béèrè, ẹ sọ fún un bóyá AS tàbí SS ni yín. Àyẹ̀wò mìíràn wà, bíi fruttosamina.

Ní Yunifásítì Torino níbí, Marina Trento, Massimo Porta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pín ènìyàn 112 tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń rí dókítà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń pàdé pọ̀, wọ́n ń kọ́ nípa oúnjẹ, eré ìdárayá àti oògùn. Èsì ọdún márùn-ún jáde ní 2004: nọ́ńbà àwọn tó ń dá lọ ti ròkè, ti àwọn tó ń pàdé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Ẹgbẹ́ ni àwa náà. Ẹ jẹ́ kí á máa jókòó lẹ́yìn ìpàdé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tàwa ti ìwé èsì wa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń túmọ̀ fún ìyá yín lọ́dọ̀ dókítà, ẹ má kàn ní, "Ó ní ó dára." Ẹ bi í pé: mélòó ni? Mélòó ni ti tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo la ó tún un ṣe? Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà.