Àsomẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Sìkútà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí sìkútà àti ìjókòó tí a ń so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ni àmì ohùn fi bá táyà tan? Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Àìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ọmọ méjì.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ di aláìlágbára láti kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán an lọ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò jìnnà sí ibi tí ó ń gbé, àwọn ọlọ́kadà kì í sì í fẹ́ dúró gbé e. Bàbá rẹ̀ fi Vespa àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní Fẹ́sípà. Ọwọ́ òsì ni a fi ń yí jíà rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fa bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a sì fi ń tẹ ti ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kan níbẹ̀ àfi nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ó yẹ kí a fi ẹsẹ̀ gbé e ró. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ọmọ náà wà. Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá so sáídíkà mọ́ ọn, kò ní lè ṣubú mọ́, n ó sì lè máa gbé àbúrò mi lọ sí iléèwé.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Mo yá a ní ìwé àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwòrán sáídíkà wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ bá jórinjórin kan, ó ní kí ó ṣe é bí èyí, onítọ̀hún sì ṣe é bí èyí gẹ́lẹ́. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọwọ́ òsì ni sáídíkà tiwọn ń wà, kí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ lè wà ní ẹ̀bá títì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti ń wakọ̀ rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí àbúrò ọmọ náà ṣe bá ara rẹ̀ láàárín títì nìyẹn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ lójúkojú. Ní ọjọ́ kẹta, ibi tí wọ́n jó ya, wọ́n sì bá ara wọn nínú gọ́tà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Eékún nìkan ni wọ́n fi bó.

Ìdí tí ó fi ya kò ṣòro láti mọ̀. Corradino D'Ascanio tí ó ṣe Vespa fún ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì ní ọdún 1946, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ òfuurufú ni. Kò fi páìpù ṣe egungun rẹ̀ bíi ti alùpùpù yòókù. Páànù irin tí a tẹ̀ ni ó fi ṣe ara ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Lambretta tí Innocenti gbé jáde ní ọdún 1947 yàtọ̀, nítorí oníṣòwò páìpù irin ni Innocenti, páìpù sì ni egungun ọkọ̀ tirẹ̀. Ara páìpù gba ìdè. Ṣùgbọ́n bí a bá jó irin mọ́ páànù lásán, páànù náà yóò ya bí aṣọ. Abẹ́ pẹpẹ ẹsẹ̀, níbi tí irin ìdábùú wà, ni a ti ń fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ, tí a ó sì fi bóòtù dè é níbi 3, ó kéré tán.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, èmi fúnra mi bá a lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó ti jó irin láti ìgbà èwe rẹ̀. A so ó sí ọwọ́ ọ̀tún, a sì fi àyè sílẹ̀ láti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì àti láti fi ẹsẹ̀ ta á, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kan náà ni méjèèjì wà. Nígbà tí ó kan títo táyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà, n kò sì rí i tú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ sọ ohun tí ó ń ṣe, ẹ má sọ orúkọ rẹ̀.”

Mo sọ ọ́, òun sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Táyà kẹta kì í bá táyà ẹ̀yìn dọ́gba. Ó máa ń wà níwájú rẹ̀ ní ínṣì mélòó kan, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ó pe èyí ní ìṣáájú. Táyà náà kì í wo ọ̀kánkán pátápátá. A máa ń yí i díẹ̀ sí ìhà sìkútà. A to pákó gbọọrọ kọ̀ọ̀kan ti àwọn táyà náà, a wọn àlàfo wọn níwájú àti lẹ́yìn, ti iwájú sì fi nǹkan bí ìdajì ínṣì kéré sí ti ẹ̀yìn. Ó ní ọmọ ni ó ń wojú ìyá rẹ̀, ìwojú sì ni. Ẹ̀kẹta ni pé sìkútà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ohun tí a so mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan gbé garawa omi ti ń tẹ̀ sí òdì kejì. Ìtẹ̀sódì nìyẹn. Ó ń dí fífà tí ẹrù ń fa ọkọ̀, àti dídà tí títì wa dà sí ẹ̀bá. Èmi ni mo fi àsomẹ́gbẹ̀ẹ́ kún un fún odindi ohun náà, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tí ó bá ń pè é ní sáídíkà jà.

Wíwà rẹ̀ tún di ẹ̀kọ́ mìíràn. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì a máa tẹ̀ bí ó bá ń yà; èyí kì í tẹ̀, ọwọ́ ọkọ̀ ni a ó fi agbára yí. Bí a bá sáré, a fà sí ọ̀tún. Bí a bá tẹ bíréèkì, a fà sí òsì. Bí a bá fi eré yà sí ọ̀tún, táyà kẹta yóò gbéra nílẹ̀, pàápàá bí kò bá sí ẹnìkankan nínú àsomẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Òfìfo rẹ̀ ni ó léwu jù. Pápá ìṣeré ni ọmọ náà ti kọ́ ọ kí ó tó jáde sí títì. Báyìí, bí àbúrò rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, àpò iyanrìn ni ó ń gbé sí àyè rẹ̀ kí ó tó lọ.

Nígbà tí mo padà lọ san owó bàbá náà, ó na ẹfun sí mi, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ 3 náà sára ògiri fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó wò ó títí, ó ní, “Àwọn àmì orí rẹ̀ ńkọ́?”