Ta Ni Yóò Dúró Tì Ọ́ Ní Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ lórí yíyan dúlà

       

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn ọmọ wa obìnrin ń béèrè lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́: "Ìyá, wọ́n ní kí n gba dúlà. Ta ni ń jẹ́ dúlà? Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó dára?" Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe nílé ìwòsàn ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdílé olórìṣà ni wọ́n sì bí mi sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìhà méjèèjì yìí ni mo ti kọ́ ọ.

Dúlà ni ẹni tí aboyún gbà sí iṣẹ́ láti dúró tì í kí ó tó bímọ, nígbà tó bá ń rọbí, àti fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Òun ni yóò máa fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, tí yóò máa fún un lómi mu, tí yóò bá a rìn, tí yóò sì máa sọ fún un pé ìrora náà ní òpin. Òun ni yóò rán an létí ohun tó fẹ́ bi dókítà. Ṣùgbọ́n dúlà kì í ṣe agbẹ̀bí. Kì í yẹ ojú ara wò láti mọ ibi tí ìrọbí dé, kì í fúnni lóògùn, kì í gbẹ̀bí. Ẹ jẹ́ kí a di èyí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ìránṣẹ́bìnrin tàbí ẹrúbìnrin ni ó túmọ̀ sí. Dana Raphael, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di mímọ̀ láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìbímọ, lẹ́yìn ọdún 1970. Orúkọ náà jẹ́ àjèjì sí wa, iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì. Nínú agbo ilé àwọn baba wa, obìnrin kì í dá kúnlẹ̀. Agbẹ̀bí a máa wo ọmọ tó ń bọ̀, àwọn obìnrin ilé a máa wo ìyá. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá le tán, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ara wa.

Àmọ́ agbo ilé ti tú. Ọmọ wa tó ń gbé yàrá méjì ní Èkó, tàbí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ìyá rẹ̀ lè má sí nítòsí, ọkọ rẹ̀ sì lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí agbo ilé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ohun tí a ń sanwó fún. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ìtùnú lásán ni. Ní ọdún 1980, Marshall Klaus, John Kennell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Guatemala jáde. Wọ́n fi obìnrin tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, tí aboyún kò sì mọ̀ rí, ti àwọn aboyún kan títí wọ́n fi bímọ. Láàárín àwọn tí wàhálà kankan kò bá ìbímọ wọn, ìrọbí àwọn tí ẹnìkan dúró tì gba nǹkan bí wákàtí 9. Ti àwọn tó dá wà gba nǹkan bí wákàtí 19. Ní 2017, àyẹ̀wò Cochrane kó ìwádìí tó lé ní 20 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, nínú èyí tí àwọn obìnrin lé ní 15,000. Ó fi hàn pé àwọn tí a dúró tì bímọ fúnra wọn ju àwọn yòókù lọ, pé iṣẹ́ abẹ dín kù, pé ìrọbí wọn sì yá díẹ̀. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009 rí i pé iṣẹ́ abẹ dín kù gan-an láàárín àwọn aboyún tí ẹni tiwọn dúró tì. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí gbogbo obìnrin tó ń rọbí ní ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Báwo wá ni a ó ṣe yàn án? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa: kí ó ṣáà ti jẹ́ olórìṣà bíi tiwa. Bí a bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ní ìgbìmọ̀ tó ń bojú tó o; ní Èkó, àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ pàápàá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba, ẹnikẹ́ni lè jí lówùúrọ̀ kí ó pe ara rẹ̀ ní dúlà. Nítorí náà, aboyún àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò fojú ara wọn yẹ ẹ́ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá a nígbà tí oyún bá pé oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lójúkojú, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: "Ibo ni ẹ ti kọ́ṣẹ́? Ìbímọ mélòó ni ẹ ti dúró tì?" Kí ó júwe ìyá ìkókó méjì tó ti bá ṣiṣẹ́, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀.

Èkejì: "Bí ìrọbí bá mú mi lóru tí ẹ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ta ni arọ́pò yín?" Ọ̀pọ̀ dúlà a máa wà ní ìmúrasílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 38 títí ọmọ yóò fi dé. Ẹ rí arọ́pò náà kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀kẹta: "Kí ni ohun tí ẹ kì í ṣe?" Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tí òun kò lè ṣe, pé òun lè yẹ̀ yín wò nílé kí ẹ má tètè dé ilé ìwòsàn, ẹ dìde níbẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀kẹrin: "Bí mo bá ní kí wọ́n fún mi lóògùn ìrora, tàbí tí dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kí ni ẹ ó sọ fún mi?" Ìdáhùn rere ni pé òun yóò dúró tì yín síbẹ̀. Èyí tó bá ní abiyamọ gidi kì í gba abẹ kò wá ṣiṣẹ́ fún yín. Èrò tirẹ̀ ló wá tà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ. Ewé ń jẹ́. Nítorí pé ó ń jẹ́ ni a kò fi gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fa omi oògùn tó ń mú ìrọbí yára sí aboyún lára, tí dúlà sì yọ́ rọ agbo sí i lẹ́nu, ilé ọmọ lè máa sún kì ju bó ti yẹ lọ. Ó lè ya, ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ sì lè bá a lọ. Ẹni tó ń fúnni lágbo ní ìkọ̀kọ̀ nínú yàrá ìrọbí kò gbèjà ìṣẹ̀ṣe. Ẹ̀mí ẹlẹ́mìí ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Agbo tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ aboyún gidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí gìrì bá mú un, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ọmọ kò bá mira mọ́, dúlà tó mọṣẹ́ yóò ní kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ti yàn án tán, ẹ béèrè nílé ìwòsàn bóyá wọ́n ń gba ẹnìkan láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ aboyún. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba wa, aboyún púpọ̀ ló jọ ń lo yàrá kan, wọn kì í sì í fẹ́ àlejò níbẹ̀. Oṣù keje ni kí ẹ ti lọ bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe lóru ọjọ́ tí omi bá ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ìgbà tí yóò wá kí yín, iye owó àti ìgbà tí ẹ ó san án, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá dé kí òun tó dé. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé kò ní sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní gbé àwòrán yín sórí Facebook. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ ohun ìṣẹ̀ṣe tí ẹ fẹ́: pé ẹ fẹ́ kúnlẹ̀ dípò kí ẹ nà gbalaja bí ara bá gbà á, pé ẹ fẹ́ gbé ibi ọmọ lọ sílé láti sin ín, àti ẹni tí yóò gbà á. Bí a bá ti bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ ṣáájú, dúlà ni yóò rán wọn létí kí wọ́n má baà dà á nù.

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Ó ti pẹ́ tí ìwádìí ti ń fi hàn ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà pé ikú tó ń pa obìnrin dúdú nídìí oyún àti ìbímọ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti funfun. Ẹ má ṣe lọ láìní ẹni tí yóò bá yín tún ọ̀rọ̀ sọ bí wọn kò bá gbọ́ tiyín. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Oregon àti Minnesota wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ń fi owó Medicaid san owó dúlà. Ẹ béèrè níbi tí ẹ wà.

Ẹni tí kò lówó dúlà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ìyá, tàbí ọ̀rẹ́ tó ní sùúrù lè ṣe é. Kí ó bá aboyún lọ sí kíláàsì aboyún láti oṣù keje, kí ó mọ nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ wa. A máa ń dáwó jọ fún ọdún òrìṣà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dá díẹ̀ sí i, kí a fi pe agbẹ̀bí tó ní ìwé àṣẹ láti kọ́ obìnrin mẹ́wàá nínú wa bí a ti ń dúró ti aboyún, kí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyálóde ẹgbẹ́. Bí a bá ní ìṣẹ̀ṣe ń padà bọ̀ sípò, ibẹ̀ ni kí a ti rí i: kí obìnrin wa kankan má ṣe dá kúnlẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí dókítà ṣe tirẹ̀, kí agbẹ̀bí ṣe tirẹ̀, kí dúlà ṣe tirẹ̀. Ọ̀ṣun, olóore yèyé, yóò bá wa gbà á. Ire o.