Bí Bakitéríà Ṣe Ń Sá fún Ẹni Tó Fẹ́ Pa Á: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ọlọ́sìn Adìẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé ní Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà, ọ̀rọ̀ yín gan-an la mú wá.

Bí adìẹ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀pọ̀ wa á sáré ra tẹtirasáíkílìn, a ó pò ó mọ́ omi. Nígbà tó bá yá, oògùn kò ní ká a mọ́, torí àwọn bakitéríà tí oògùn kò rí pa ti bí sí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi padà sídìí iṣẹ́ àtijọ́ kan.

Ní ọdún 1919, Félix d'Hérelle lọ sí oko adìẹ nílẹ̀ Faransé, níbi tí táífọ́ọ̀dù adìẹ ti ń jà. Nínú ìgbẹ́ adìẹ ló ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí kì í pa adìẹ, bakitéríà ló ń pa. Féèjì là ń pè é. Ó fún adìẹ ní féèjì yìí, ikú sì dínkù.

Féèjì á lẹ̀ mọ́ ara bakitéríà bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Á bímọ rẹpẹtẹ sínú rẹ̀, á sì bẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n bakitéríà kì í ṣe ọ̀lẹ. Òmíràn á pààrọ̀ àgádágodo. Òmíràn á tètè pa ara rẹ̀ kí féèjì tó bímọ, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè yè. (Ẹ ò rí i pé ọ̀tá wa náà mọ ẹbí!) Ti bakitéríà tí wọ́n fi ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2007 ni ìwádìí fi hàn pé ó ń gé díẹ̀ lára okùn ìran féèjì tó kọlù ú pamọ́, bí ẹni tó ya fọ́tò olè, kó lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jogún fọ́tò náà.

Nítorí náà, féèjì kan kò tó. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń pò pọ̀, kí èyí tí kò bá rí ọ̀nà wọlé, òmíràn lè wọlé. Nígbà mìíràn, sísá náà máa ń ná bakitéríà ní nǹkan. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Yale ní Amẹ́ríkà rí i pé bí Pseudomonas ṣe ń sá fún féèjì kan, oògùn tí kò ká a tẹ́lẹ̀ tún ń ká a.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọn omi gọ́tà tàbí omi Ògùnpa fún adìẹ torí pé féèjì wà níbẹ̀ o. Àrùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú féèjì yìí kò sì kan lùkúlùkú, torí fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àjẹsára ni tirẹ̀. Bí adìẹ bá ń kú, ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí ẹ gbé òkú tútù lọ bá dókítà ẹran kí ẹ tó ra oògùn. Bí ẹ bá sì lo oògùn, ẹ lò ó pé, kí ẹ má ta ẹyin títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ yóò fi pé.