Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Pè Wá Lórí Fóònù
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ wa ní Kánò

Owó ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tó ti ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1890 ni Yunifásítì Yale ti dá àpò kan sílẹ̀ tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ ń dá owó sí lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi fóònù kún irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sínú yàrá kan, wọ́n á máa pe àwọn tó ti jáde àti àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó iṣẹ́ náà fún wọn. Orúkọ ẹni tí ọmọ fẹ́ pè, ọdún tó jáde àti iye tó dá kẹ́yìn á ti wà níwájú rẹ̀. Kì í kọ́kọ́ bèèrè owó. Á kí onítọ̀hún, á ròyìn ilé ẹ̀kọ́ fún un, á bèèrè bóyá àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló máa dárúkọ iye tó ga. Bí wọ́n bá kọ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀. Owó kékeré pàápàá níyì, nítorí U.S. News, tó máa ń to ilé ẹ̀kọ́ sípò, máa ń wo iye àwọn tó dá owó nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó yọ ọ́ kúrò ní 2023.

Kí GSM tó dé ilẹ̀ wa ní 2001, lẹ́tà àti ẹnu awakọ̀ la fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti ṣí lọ. Báyìí nọ́ńbà ló kún ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n a kì í pe ara wa àfi tí aṣọ ẹbí bá délẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá a dán an wò. Àwọn ọmọ mẹ́fà tí ẹgbẹ́ ti ràn lọ́wọ́ jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, a ra káàdì ìpè fún wọn. Àwọn kan rò pé ọmọ yahoo ni wọ́n, wọ́n pa fóònù. A ò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ kan fi Haúsá kí àgbà kan kó tó rántí ara rẹ̀; bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fi Haúsá dá a lóhùn, ó sì dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.

Ọmọbìnrin kan wá pe àgbà ẹgbẹ́ wa kan tó ti padà sílé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó bàbá ló gbé e. Ó ní, “Ẹni tí ò ń pè ti lọ, ọmọ mi. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá.” Ọmọ náà kúnlẹ̀ tòun ti fóònù létí. Ó ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, màmá.” Kò mẹ́nu ba owó mọ́. Ohun tí màmá bi í ni pé, “Ṣé ẹgbẹ́ ò gbọ́ ni?”

A ò gbọ́. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kú sí àjò láìní ẹni tó máa sin ín, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ kú sílé, a ò rán ẹnì kan ṣoṣo lọ. A ti lọ kí màmá báyìí, ṣùgbọ́n ojú tì wá.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ìpè àkọ́kọ́ lọ́dún má jẹ́ ti owó rárá, kó jẹ́ ti ìkíni. Àwọn òbí kan ti sọ pé ọmọ àwọn ò ní ṣagbe. Ọmọ tó ń bèèrè àlàáfíà àgbà kò ṣagbe. Á sọ orúkọ rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀, kò sì ní pè lásìkò ìrun tàbí láàárọ̀ ọjọ́ Sunday. Kò ní bèèrè nọ́ńbà káàdì báńkì yín láé. Ẹni tó bá bèèrè, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àkáǹtì tó wà lẹ́yìn káàdì ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ sanwó sí.

Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ nọ́ńbà yín síbẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì kọ ti ẹnì kan nílé tó máa gbé e bí ẹ̀yin ò bá sí nítòsí.