Aṣọ Iwin Àti Aṣọ Lìkáfánì

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ìyè àti ikú wà ní ìkáwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà máa ń bá pàdé bí oṣù kẹwàá ọdún bá ti ń lọ sópin. Ọmọ yóò ti ilé-ìwé dé, yóò ní kí ìyá òun wá bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun kan tí ó ti gbó fún òun, òun fẹ́ fi ṣe iwin fún Halloween. Ṣé kí ìyá fún un ni, àbí kí ó má fún un? Bí kò bá ní fún un, kí ni yóò sọ tí yóò yé ọmọ náà? Bí òbí bá kàn ní “má ṣe é” láìsọ ìdí rẹ̀, ọmọ yóò lọ ṣe é ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Iṣẹ́ inú aṣọ náà kò pọ̀. Wọ́n á da bẹ́ẹ̀díṣíìtì bo ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á sàmì sí ọ̀gangan ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á bọ́ ọ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á sì fi sísọ́ọ̀sì gé ihò méjì sí i. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà máa wọ́ nílẹ̀. Nítorí pé kò náni lówó, tálákà lè ṣe é, olówó náà lè ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọmọ á wọ̀ ọ́, á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn láti gba suwíìtì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò.

IBI TÍ Ó TI ṢẸ̀ WÁ

Ìtumọ̀ Halloween ni ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́, èyí tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúrà lórí àwọn òkú wọn. Àjọ̀dún mìíràn tún wà ní ilẹ̀ Ireland láti ayé àtijọ́ ní àsìkò yìí kan náà. Samhain ni orúkọ rẹ̀. Òpin ìkórè àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ni pé ní alẹ́ náà, ohun tí ojú kì í rí máa ń rìn láàárín àwọn alààyè. Àwọn ọ̀dọ́ Ireland àti Scotland a máa pa ara dà, wọn a sì máa lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láti 1845 títí di 1852, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àṣà náà dání lọ.

Kí ni ti aṣọ funfun? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, wọn kì í fi pósí sin ọ̀pọ̀ tálákà. Aṣọ ni wọ́n ń fi wé wọn. Ẹni tí ó bá ń ro iwin lọ́kàn, òkú tí ó dìde pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn ni ó ń rò. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì ọmọdé yìí, àwòrán aṣọ òkú ni.

ERÉ TÍ Ó DI Ẹ̀JẸ̀

Ní Hammersmith, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn kan gba ìlú ní òpin ọdún 1803 pé iwin ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn lóru. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1804, Francis Smith gbé ìbọn jáde láti ṣọ́ iwin náà. Ó rí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, ó yìnbọn fún un, onítọ̀hún sì kú. Thomas Millwood ni ẹni náà, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń mọ ilé. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wọ̀. Ilé ẹjọ́ dá ikú fún Smith, kí wọ́n tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Lẹ́yìn èyí ni àgbàlagbà kan tí ń ṣe bàtà jáde wá jẹ́wọ́ pé òun ni òun ń da aṣọ funfun bora láti fi dẹ́rù ba ọmọ-iṣẹ́ òun.

Ti Amẹ́ríkà burú jù báyìí lọ. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865, àwọn aláwọ̀ funfun kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee dá ẹgbẹ́ Ku Klux Klan sílẹ̀. Wọ́n ń bo ojú, wọ́n ń gun ẹṣin lóru, àwọn kan nínú wọn a sì máa pe ara wọn ní ẹ̀mí ọmọ-ogun tí ó ti kú. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà, kí wọ́n má baà dìbò, kí wọ́n má sì gbé orí sókè. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà, wọ́n á nà án, wọ́n á sì pa nínú wọn. Ọmọ adúláwọ̀ tí yóò da aṣọ funfun borí ní ilẹ̀ náà, ó yẹ kí ó mọ ìtàn yìí.

OHUN TÍ ISLAM SỌ

Èkínní, ẹ̀mí ẹni tí ó bá kú kì í padà wá rìn kiri ní ìgboro. Ó wà ní ibùgbé tí Ọlọ́hun fi sí láàárín ikú àti àjíǹde, títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Èkejì, Ànábì kò fẹ́ kí Mùsùlùmí dẹ́rù ba ẹnìkejì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré. Nígbà kan tí àwọn sàhábé wà ní ìrìn-àjò, ọ̀kan nínú wọn sùn, ẹlòmíràn sì lọ mú okùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà ta jí, ẹ̀rù sì bà á. Ànábì kọ irú eré bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, aṣọ funfun ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn yìí. Méjì tí wọn kò rán ni ọkùnrin ń ró lọ sí Hájì. Mẹ́ta ni lìkáfánì ọkùnrin, márùn-ún ni ti obìnrin. Aṣọ tí ènìyàn yóò wọ̀ kẹ́yìn láyé kò yẹ ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹlòmíràn yóò ní eré ọmọdé lásán ni. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe é lónìí kò gba iwin gbọ́, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni bú aládùúgbò rẹ̀ nítorí suwíìtì. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ẹ̀kú eégún nílé, nítorí pé ará ọ̀run ni wọ́n ń pè é, báwo ni yóò ṣe wá rán aṣọ òkú òyìnbó fún un lókè òkun? Ohun tí Mùsùlùmí kọ̀ ní Ìbàdàn kò lè di ohun rere ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé aláwọ̀ funfun ni ó ń ṣe é.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

Kí òbí ti ṣàlàyé fún ọmọ kí ọjọ́ náà tó dé. Kí ó kọ ìwé sí olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kí ó má fi ọmọ sílẹ̀ nìkan lẹ́bàá fèrèsé, kí ó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde. Kí àwọn ìdílé Mùsùlùmí kó àwọn ọmọ wọn jọ ní alẹ́ náà, kí oúnjẹ àti eré wà níbẹ̀. Bí ọmọ aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn, ẹnu rere ni kí wọ́n fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti dàgbà, mélòó nínú yín ni ó mọ bí wọ́n ti ń gé lìkáfánì, tàbí bí wọ́n ti ń wẹ òkú? Bí bàbá yín bá kú ní òru òní, ṣé ẹ kò ní máa sáré wá ààfáà kiri? Ẹ lọ kọ́ ọ. Èyí ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí sísọ́ọ̀sì àti aṣọ funfun ṣe lọ́wọ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí Ó sì fi ikú rere gba ẹ̀mí àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Àmín.